‘Tutu’ tí kò tutù rárá: Ìtàn aṣọ àwọn oníjó Páríìsì tó gbẹ̀mí ọ̀dọ́mọbìnrin, tó sì bá oge àwọn obìnrin yí padà

Ní ọjọ́ 15, oṣù kọkànlá, ọdún 1862, àwọn òṣèré ilé ìṣeré ńlá tí wọ́n ń pè ní Opéra ní ìlú Páríìsì, lórílẹ̀-èdè Faransé, ń ṣe ìdánrawò eré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ La Muette de Portici. Emma Livry ni ó ń ṣe ipa ọmọbìnrin odi tí ìtàn náà dá lé lórí. Ọmọ ogún ọdún péré ni. Bí ó ti ń dúró de ìgbà tí yóò kàn án láti jáde, ó gbé yẹ̀rì funfun rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ó má baà rún. Afẹ́fẹ́ tí yẹ̀rì náà fẹ́ ni ó fa iná jáde láti inú àtùpà oní-gáàsì tó wà nítòsí. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú, ọmọbìnrin náà ti di ògùṣọ̀. Ó ń sá kiri orí ìtàgé, iná náà sì ga jù ú lọ, kí panápaná kan tó rí i dì mú, tó fi aṣọ tútù bò ó.

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ó fi jẹ ìrora. Ní ọjọ́ 26, oṣù keje, ọdún 1863, ó dágbére fáyé.

Ohun tó dun ni jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé oògùn iná náà wà nílẹ̀. Òfin ìjọba sì wà nílẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọbìnrin náà mọ̀ nípa méjèèjì, ó sì kọ̀ wọ́n. Ìdí tó fi kọ̀ wọ́n ni a fẹ́ tú palẹ̀ lónìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ju ti oníjó kan lọ. Ọ̀rọ̀ oge ni, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wòran àti ẹni tó ń san owó ẹwà ni.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ TUTU?

Tutu ni orúkọ aṣọ tí àwọn obìnrin tó ń jó ijó báléè máa ń wọ̀. Oríṣi méjì pàtàkì ni ó wà. Ọ̀kan gùn kọjá orúnkún, ó sì ṣù bí ìkùukùu. Ìkejì kúrú pénpé, ó sì nà yí ìbàdí ká gbalaja bí àwo pẹrẹsẹ. Orúkọ náà kò bá ‘tutù’ ti èdè wa tan rárá. Àwọn onímọ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Faransé fi ń bá ọmọdé dárúkọ ìdí ni ó ti wá, apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó sì tó di orúkọ aṣọ.

Àwọn àgbà wa ní orúkọ a máa ro ọmọ. Ti aṣọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Fún bí àádọ́ta ọdún, kò sí aṣọ tó jìnnà sí ohun tó tutù tó o, nítorí iná ni ó ń fà mọ́ra.

BÍ AṢỌ ṢE BẸ̀RẸ̀ SÍ Í KÚRÚ

Ààfin ọba ni ijó báléè ti dàgbà. Ọba Louis Kẹrìnlá ti ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀ a máa jó, òun ni ó sì dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ijó sílẹ̀ ní ọdún 1661. Aṣọ tí àwọn obìnrin ààfin fi ń jáde náà ni àwọn oníjó obìnrin ń wọ̀: ẹ̀wù wúwo tó ń wọ́ nílẹ̀, pẹ̀lú agbọ̀n tí wọ́n so mọ́ ìbàdí lábẹ́ rẹ̀ kí ó lè fẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì. Obìnrin tó bá wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lè rìn, ó lè tẹrí ba, ó sì lè yí díẹ̀. Fífò ni kò lè fò. Àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń fò.

Marie Camargo, tí wọ́n bí sí ìlú Brussels ní ọdún 1710, ni ó kọ́kọ́ da ètò yìí rú. Ọdún 1726 ni ó dé Opéra ti Páríìsì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí ẹsẹ̀ ọkùnrin, ṣùgbọ́n kí ni èrè ẹsẹ̀ tó yá bí aṣọ bá bò ó mọ́lẹ̀? Camargo gé aṣọ rẹ̀ dé òkè kókósẹ̀, ó sì bọ́ bàtà onígìgísẹ̀ sílẹ̀. Kókósẹ̀ lásán ni o, síbẹ̀ gbogbo Páríìsì ń sọ ọ́. Ní ọdún 1734, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń jẹ́ Marie Sallé lọ sí Lọ́ńdọ̀n, ó sì bọ́ agbọ̀n ìbàdí àti irun àdédó kúrò pátápátá. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni ó wọ̀ jó, bí ère ilẹ̀ Gíríìkì ìgbàanì.

Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ ni ó mú àwọn obìnrin méjèèjì gé aṣọ wọn. Wọ́n gé e kí ara lè ráyè ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe.

IWIN FUNFUN ORÍ ÌTÀGÉ

Ọjọ́ 12, oṣù kẹta, ọdún 1832 ni tutu tí a mọ̀ yìí wọ ayé gan-an. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni Marie Taglioni jó La Sylphide ní Opéra. Bàbá rẹ̀, Filippo, ni ó to ijó náà. Ìtàn ọkùnrin ilẹ̀ Scotland kan ni, ẹni tí iwin obìnrin kan yọ sí ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, tó sì tẹ̀lé e wọ igbó lọ. Orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni Taglioni dúró sí bí ẹni tí ilẹ̀ kò gbà. Aṣọ funfun tó wọ̀ gùn dé agbedeméjì orúnkún àti kókósẹ̀, ìpele lórí ìpele, ó sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń léfòó tẹ̀lé e. Láti ìgbà náà, gbogbo ilé ìṣeré ń wá iwin funfun tiwọn. Nígbà tí ijó Giselle sì jáde ní ọdún 1841, odidi ẹgbẹ́ òkú ọ̀dọ́mọbìnrin nínú aṣọ funfun ni wọ́n kó jáde lábẹ́ òṣùpá.

Ohun tuntun méjì ni ó bí aṣọ yìí. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń hun aṣọ nẹ́ẹ̀tì, olówó nìkan ló sì lè rà á. Ní nǹkan bí ọdún 1808, John Heathcoat ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹ̀rọ tó ń hun ún, nẹ́ẹ̀tì sì di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà. Ìkejì ni iná gáàsì, tó dé Opéra ní ọdún 1822. Iná yìí mọ́lẹ̀ ju àbẹ́là lọ, wọ́n sì lè dín in kù títí yóò fi dà bí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá. Abẹ́ irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni aṣọ funfun ti ń tàn bí ẹ̀mí àìrí.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dára láyè ara rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n pàdé ni ewu dé. Ìpele nẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ kún àárín rẹ̀, tí wọ́n tún fi sítáàṣì mú gbẹ, kò yàtọ̀ sí koríko ìgbà ọyẹ́. Àtùpà gáàsì tí kò ní ìbòrí sì tò lọ ní etí ìtàgé àti ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn oníjó ń dúró sí.

IRUN IRIN, YẸ̀RÌ IKÚ

Ní ọjọ́ 14, oṣù kejìlá, ọdún 1844, aṣọ Clara Webster gbaná lójú àwọn èrò ìwòran ní ilé ìṣeré Drury Lane ní Lọ́ńdọ̀n. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ó kú. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1861, iná mú aṣọ oníjó kan ní yàrá ìmúra ilé ìṣeré Continental ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sáré wá gbà á sílẹ̀, iná sì ràn mọ́ aṣọ tiwọn náà. Ó kéré tán, mẹ́fà nínú wọn ni ó bá a lọ. Kì í ṣe oníjó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní oṣù keje ọdún yẹn kan náà ni ìyàwó akéwì Amẹ́ríkà nì, Henry Longfellow, jóná nínú ilé ara rẹ̀ nígbà tí aṣọ rẹ̀ gbaná. Ìyàwó ilé àti oníjó, oge kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe.

Àwọn aláṣẹ kò kàn káwọ́ gbera. Ọ̀gbẹ́ni Carteron ní ilẹ̀ Faransé ti rí omi kan tí wọ́n po àwọn iyọ̀ mọ́, tí wọ́n bá rẹ aṣọ sínú rẹ̀, aṣọ náà kò ní í tètè gbaná. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1859, ìjọba Faransé pàṣẹ pé gbogbo aṣọ orí ìtàgé gbọ́dọ̀ gba inú omi náà kọjá. Ṣùgbọ́n omi yìí ní àléébù: ó ń mú aṣọ le, ó sì ń mú funfun rẹ̀ ṣókùnkùn. Ní ọdún 1860, Emma Livry kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìṣeré pé yẹ̀rì tí òun ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ ni òun yóò máa wọ̀ jó, àti pé ohunkóhun tó bá ti ibẹ̀ jáde, ọrùn òun ni kó wà. Wọ́n tilẹ̀ ròyìn pé lórí ibùsùn ìrora rẹ̀, ó ṣì ń sọ pé bí òun bá padà sórí ìtàgé, òun kò ní í wọ aṣọ olómi-iyọ̀ náà, nítorí pé ó burẹ́wà jù.

Ẹni tó bá pe ọmọ náà ní òmùgọ̀ kò tí ì ro ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Taglioni fúnra rẹ̀ ni olùkọ́ rẹ̀. Ó ti rí ohun tí aṣọ funfun tó ń léfòó sọ olùkọ́ rẹ̀ dà. Ó mọ̀ pé ta ni yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wo iwin tí aṣọ rẹ̀ le bí páálí? Kò sí ẹni tó fi ipá mú un, ṣùgbọ́n gbogbo ojú tó ń wò ó ni ó ń bá a yan aṣọ. Àjókù aṣọ rẹ̀ ṣì wà nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Opéra ní Páríìsì títí di òní. Iná mànàmáná ni ó wá tu àwọn oníjó lára níkẹyìn. Ilé ìṣeré Savoy ní Lọ́ńdọ̀n fi lélẹ̀ ní ọdún 1881, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e.

TUTU PÉNPÉ

Àsìkò yìí ni ọkàn ijó báléè ṣí lọ sí St. Petersburg, níbi tí ọba ilẹ̀ Rọ́ṣíà ti ń náwó lé e lórí. Àwọn obìnrin Ítálì ni wọ́n gbé tutu pénpé débẹ̀. Nígbà tí Virginia Zucchi dé ní ọdún 1885, ó kọ̀ jálẹ̀ láti wọ yẹ̀rì gígùn tí òfin ilé ìṣeré ọba là sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Pierina Legnani, ẹni tó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yí ní ẹ̀ẹ̀méjìlélọ́gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà nínú Swan Lake ní ọdún 1895. Irú àrà bẹ́ẹ̀ kò ṣe é dá nínú aṣọ gígùn, bí ó bá sì ṣe é dá, ta ni yóò rí i?

Rírán tutu pénpé kì í ṣe iṣẹ́ télọ̀ ojú ọ̀nà. Ìpele nẹ́ẹ̀tì bíi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń rán mọ́ ṣòkòtò péńpé kan. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni ó kúrú jù, tí òkè rẹ̀ ń gùn sí i díẹ̀díẹ̀, kí ti ìsàlẹ̀ lè gbé ti òkè ró. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi òwú so àwọn ìpele náà mọ́ra wọn níbi púpọ̀. Àwọn mìíràn a tún fi wáyà sí i. Tí wọ́n bá bọ́ ọ tán, wọn yóò dorí rẹ̀ kodò kí wọ́n tó gbé e kọ́, kí ó má baà wó. Òkè rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ àyà pinpin, síbẹ̀ kí oníjó lè mí.

NÍGBÀ TÍ ORÍ ÌTÀGÉ DI OLÙKỌ́ OGE

Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi bẹ̀rẹ̀, àwọn oníjó nìkan kọ́ ni wọ́n wà nínú ìdè. Obìnrin òyìnbó tó bá gbáfẹ́ kò gbọdọ̀ jáde láìsí kọ́sẹ́ẹ̀tì, aṣọ ìfúnnú tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ tàbí egungun ẹja àbùùbùtán ṣe. Èyí tó lóde ní nǹkan bí ọdún 1900 a máa ti àyà síwájú, a sì máa ti ìdí sẹ́yìn, tí obìnrin yóò fi dúró bí lẹ́tà S.

Àwọn oníjó ni wọ́n kọ́kọ́ fi ara wọn hàn ní gbangba láìsí i. Isadora Duncan, ọmọ Amẹ́ríkà, dé St. Petersburg ní ìparí ọdún 1904. Láìwọ bàtà, láìsí kọ́sẹ́ẹ̀tì, láìsí tutu, aṣọ ilẹ̀ Gíríìkì kan ni ó kàn sọ sọ́rùn. Ọ̀dọ́ olùtò-ijó kan, Michel Fokine, wà lára àwọn tí ìròyìn ijó rẹ̀ ru sókè. Nígbà tí Fokine to ijó Eunice ní ọdún 1907, ó fẹ́ kí àwọn oníjó rẹ̀ bọ́ bàtà. Ilé ìṣeré ọba kò gbà. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ya ọmọ ìka ẹsẹ̀ sára ìbọ̀sẹ̀ wọn! Òun náà ni ó to ijó ẹyẹ tó ń kú lọ fún Anna Pavlova, ijó ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú tutu oníhùúhù, tí Pavlova gbé kárí ayé títí ó fi kú ní Họ́láǹdì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1931.

Ní ọjọ́ 19, oṣù karùn-ún, ọdún 1909, Serge Diaghilev kó àwọn oníjó Rọ́ṣíà wọ Páríìsì. Nínú Les Sylphides ti Fokine, wọ́n gbé tutu gígùn ti Taglioni padà wá fún àwọn ará Faransé tó ni ín. Ṣùgbọ́n Schéhérazade ti ọdún 1910 ni ó gba ọkàn ìlú. Léon Bakst ni ó ya aṣọ rẹ̀: ṣòkòtò ẹlẹ́mu fífẹ̀, ìbàdí tí kò ní ìdè, àwọ̀ ewé àti ti ọsàn tó ń dá ara wọn lóhùn. Láìpẹ́, àwọn obìnrin olówó Páríìsì ń wá irú rẹ̀ wọ̀.

Ẹni tó jèrè rẹ̀ jù ni Paul Poiret, ògbóǹtarìgì aránṣọ. Òun fúnra rẹ̀ jiyàn títí pé òun kò jí ọgbọ́n Bakst, nítorí pé láti ọdún 1906 ni òun ti ń rán aṣọ tí kò gba kọ́sẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 24, oṣù kẹfà, ọdún 1911, ó ṣe àríyá kan tó sọ ní alẹ́ kejìlélẹ́gbẹ̀rún. Ọ̀ọ́dúnrún àlejò ni ó pè, ẹni tí kò bá sì wọ aṣọ bí ará ìlà-oòrùn yóò pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kó gba ilé lọ. Ìyàwó rẹ̀, Denise, jókòó nínú àgò aláwọ̀ wúrà, pẹ̀lú ṣòkòtò ẹlẹ́mu àti bùbá kan tí wọ́n fi wáyà sí etí rẹ̀ tó fi nà yí ìbàdí ká bí ìborí àtùpà. Ẹni tó bá wo bùbá náà dáadáa yóò rí i pé kò jìnnà sí tutu. Ọdún 1913 ni ó lo irú rẹ̀ nínú eré Le Minaret, ó sì di ohun títà.

Síbẹ̀, ọwọ́ tó tú ìdè àyà náà ni ó di ìdè ẹsẹ̀. Ní ọdún 1910, síkẹ́ẹ̀tì tó fún níbi kókósẹ̀ lóde, tó jẹ́ pé ìṣísẹ̀ ọmọdé ni àgbà obìnrin fi ń rìn nínú rẹ̀. Poiret kò tilẹ̀ fi bò. Ó yangàn pé òun dá àyà sílẹ̀, òun sì de ẹsẹ̀. Àwọn obìnrin tó wọ ṣòkòtò rẹ̀ jáde ní 1911 ni wọ́n fi ṣẹ̀sín ní ìgboro. 

Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ni ó parí àríyànjiyàn náà. Láti 1914 sí 1918, àwọn obìnrin wọ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì wa ọkọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò lè wọ aṣọ tó de ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹfà, ọdún 1924, nígbà tí ẹgbẹ́ Diaghilev jó Le Train Bleu, Gabrielle Chanel ni ó ṣe aṣọ wọn: aṣọ ìwẹ̀ etí òkun àti aṣọ eré tẹníìsì, irú èyí tí ènìyàn lè wọ̀ jáde ní ojúmọ́. Ní ọdún 1929 ni ilé aṣọ Poiret ti ilẹ̀kùn, ọdún yẹn náà ni Diaghilev kú. Poiret kú nínú òṣì ní 1944.

TA NI AṢỌ NÁÀ WÀ FÚN?

Tutu fúnra rẹ̀ kò kú. Ní ọdún 1950, Barbara Karinska, tí wọ́n bí sí Kharkiv, rán èyí tí kò ní wáyà fún ẹgbẹ́ New York City Ballet, kí aṣọ àwọn oníjó tó dúró súnmọ́ ara wọn má baà máa kọlu ara wọn. Ṣùgbọ́n ìjà mìíràn kù. Ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń wọ̀ mọ́ tutu, awọ ara òyìnbó ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. Ọdún 1974 ni Arthur Mitchell, olórí ẹgbẹ́ Dance Theatre of Harlem, ní kí àwọn oníjó rẹ̀ máa wọ èyí tó bá awọ dúdú tiwọn mu. Títí di 2018, ọ̀pọ̀ oníjó aláwọ̀ dúdú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń fi àtíkè kun bàtà ara wọn, kí ilé iṣẹ́ Freed àti ẹgbẹ́ Ballet Black tó jọ gbé bàtà aláwọ̀ igi àti ti idẹ jáde. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa mọ́. Láti ọdún 2017 ni ilé ẹ̀kọ́ báléè Leap of Dance Academy ti wà ní Àjàngbàdì, ní Èkó, àwọn ọmọ wa náà sì ń kọ́ ìdúró orí ìka ẹsẹ̀.

Ẹ wo òde àríyá wa náà. Kọ́sẹ́ẹ̀tì tí Poiret sọ nù ní 1906 ti padà sínú aṣọ ẹbí. Ọ̀pọ̀ ọmọge ni ó ń jókòó síwájú ìrẹsì tí kò lè gbé mì, tó ń rẹ́rìn-ín sí ayàwòrán pẹ̀lú èémí tí kò délẹ̀. A kò sọ pé oge burú. Yorùbá kì í bá oge jà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìtàn yìí, ìgbà tí oníjó bá gé aṣọ rẹ̀ nítorí iṣẹ́ ara rẹ̀, bíi Camargo, bíi Zucchi, bíi Duncan, ijó ń lọ síwájú, obìnrin sì ń wà láàyè. Ìgbà tó bá jẹ́ pé ojú ẹni tó jókòó ni aṣọ wà fún, ara ẹni tó wọ̀ ọ́ ni wọ́n fi ń san gbèsè rẹ̀.

Kí ẹ̀yin aránṣọ kí ó máa béèrè lọ́wọ́ oníbàárà bóyá ó lè mí, kí ó lè jókòó, kí ó sì lè sáré bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kí ẹ̀yin ìyá kí ó béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín. Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá kí aṣọ tán, ó yẹ kí a ṣì bá ènìyàn nínú rẹ̀.